Kí wáyà tó wọ ògiri ilé ìdáná

Ìbéèrè yín, ìdáhùn Màmá Oníwáyà

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi lóṣù yìí pọ̀, ti ilé ìdáná ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò yà mí lẹ́nu. Nínú gbogbo yàrá inú ilé, kò sí èyí tí iná mọ̀nàmọ́ná ti ń ṣiṣẹ́ tó o, kò sì sí èyí tí a ti ń fi wáyà àti agbára ọmọ ènìyàn ṣòfò tó o. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Ìwé méjì, èwo ni ká gbà?

*Màmá Oníwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ń kọ́lé, ó ti wá kan wáyà ilé ìdáná. Yàrá náà jẹ́ mítà 4 ní gígùn, mítà 3 ní fífẹ̀. Oníná tó kọ́kọ́ wá kọ ìwé ohun tí a máa rà: róòlù mẹ́rin wáyà 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ nìkan! Oníná kejì ní ìnákúnàá ni, pé kí wáyà kan ṣoṣo gba gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá, róòlù kan kò ní tán. Ti ẹnìkejì yìí dùn mọ́ ọkọ mi nínú. Ẹ̀rù ń ba èmi. Èwo ni ká gbà?*

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ̀rù tó ń bà yín, ó yẹ kó bà yín. Nínú ìwé méjèèjì, n kò rí èyí tí mo lè fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí róòlù mẹ́rin yẹn. Róòlù kan jẹ́ mítà 100. 2.5 tí wọ́n kọ yẹn ni bí bàbà inú wáyà ṣe nípọn tó, ní mìlímítà onígun mẹ́rin; bí nọ́ńbà náà bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni wáyà ṣe nípọn tó. Oníná àkọ́kọ́ fẹ́ fa wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láti ìdí bọ́ọ̀dù iná wá, kí oníkálukú dá dúró. Ẹ ò sọ ibi tí bọ́ọ̀dù yín wà, ṣùgbọ́n ká ní mítà 7 ló fi jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Wáyà máa gòkè láti inú bọ́ọ̀dù, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á wọlé, á sọ̀kalẹ̀ síbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Òmíràn á gùn, òmíràn á kúrú. Bí ẹ bá pín in dọ́gba, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mítà 13. Wáyà mẹ́ta ló ń rìn pọ̀ nínú páìpù, láíìfù tó ń gbé iná wá, níútírà tó ń dá a padà, àti ẹ́ẹ̀tì tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, nítorí náà 13 di 39. Ẹ wá sọ 39 di ìlọ́po mẹ́jọ, ó di 312. Róòlù mẹ́rin yín rèé. Ọkùnrin náà kò jalè, kò sì purọ́. Ọ̀nà kan náà ló fẹ́ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, ẹ̀yin lẹ ó sì san owó ìrìn náà lẹ́ẹ̀mẹjọ: owó wáyà, owó páìpù, owó ẹni tó máa gbẹ́ ògiri, owó bírékà mẹ́jọ (súwíìṣì inú bọ́ọ̀dù tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá pọ̀ jù), àti bọ́ọ̀dù ńlá tó máa gba gbogbo wọn.

Ẹnìkejì fẹ́ rìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí gbogbo ilé jí, tí oníkálukú ń kánjú. Kẹ́tù oníná tó jẹ́ 2,200 wọ́ọ̀tì, lórí iná 230 fóòlùtì, ń fa áńpù 9.6 (áńpù la fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó), ẹ fi 230 pín 2,200, ẹ óò rí i. Máíkírówéèfù tó ń jẹ 1,200 wọ́ọ̀tì ń fa 5.2. Ẹ̀rọ ìfọṣọ, nígbà tó bá ń se omi rẹ̀ gbóná, lè jẹ 2,000 wọ́ọ̀tì, ìyẹn 8.7. Àwọn mẹ́ta yìí nìkan ti di áńpù 23.5, a ò tíì dárúkọ fíríìjì. Bírékà tó yẹ wáyà 2.5 nínú páìpù inú ògiri ni ti áńpù 20. Bí wọ́n bá pẹ́ lórí iná pọ̀, ó lè já. Ẹ óò dá a padà, ó tún lè já. Bó bá di ọjọ́ kẹta, ẹnìkan á yọ ti 20 kúrò, á fi ti 32 rọ́pò rẹ̀, ilé á sì tòrò, gbogbo yín á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà. Bírékà kì í ṣe fún kẹ́tù o. Wáyà ló ń ṣọ́. Ẹ ti lé ọlọ́dẹ lọ nìyẹn, wáyà á wá máa gbóná nínú ògiri níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè tó o.

Ohun tí èmi máa ṣe nínú yàrá yín rèé. Màá fa wáyà 2.5 lọ́nà méjì láti bọ́ọ̀dù, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bírékà áńpù 20 tirẹ̀, kí ọ̀nà kan bọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Ó máa rin mítà 10 kó tó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á máa fò láti ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, mítà 1.2 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ fi ìrù wáyà tí a ń fi sílẹ̀ nínú bọ́kìsì àti nínú bọ́ọ̀dù kún un, ó di mítà 15. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 45, ọ̀nà méjì jẹ́ 90. Fíríìjì, màá fún un ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, mítà 39. Kì í ṣe pé ó ń fa iná púpọ̀. N kò kàn fẹ́ kí ohun mìíràn já bírékà lóru, kí gbogbo ohun tó wà nínú fíríìjì sì ti bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 129. Ní gígùn, róòlù méjì tó o, mítà 71 á sì ṣẹ́ kù. Ẹ má kàn pín in ní mẹ́rin-mẹ́rin lásán o. Ibi tí kẹ́tù máa jókòó sí àti ibi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ máa dúró sí kò gbọdọ̀ bọ́ sí ọ̀nà kan náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin iṣẹ́ iná wọn kò gbà kí ọ̀nà tó ń bọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì orí kántà ilé ìdáná dín ní méjì, áńpù 20 níkọ̀ọ̀kan, nítorí náà kì í ṣe èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń ká lára.

Ti kúkà oníná, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń dẹ́rù bà láti ra wáyà 10. Kúkà 7,000 wọ́ọ̀tì ń fa nǹkan bí áńpù 30 bí gbogbo ojú rẹ̀ bá ń jó pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń tan gbogbo ojú rẹ̀ pa pọ̀ kó máa jó bẹ́ẹ̀ láìsinmi? Ojú kọ̀ọ̀kan tó bá gbóná tó, á pa ara rẹ̀, á tún tan ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlànà àwọn oníná Gẹ̀ẹ́sì fi ní kí a ka áńpù 10 àkọ́kọ́ ní odindi, kí a mú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó ṣẹ́ kù, kí a sì fi 5 kún un bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà lára súwíìṣì kúkà. Fún kúkà yìí: 10, àti 6, àti 5, ó jẹ́ 21. Wáyà 6 pẹ̀lú bírékà áńpù 32 tó o, ó tó o dáadáa. Ẹ má ra 10.

Ẹnìkan lè tún wá sọ fún yín nípa ring, ìyẹn wáyà tó jáde láti bọ́ọ̀dù, tó yí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ká, tó sì padà sínú bírékà kan náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e kalẹ̀ lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n ń múra àtikọ́ ilé púpọ̀ tí bàbà sì ṣọ̀wọ́n. Títí di òní wọ́n ń lò ó. Nínú ilé ńlá tí sọ́kẹ́ẹ̀tì fọ́n ká, ó ń dá bàbà sí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná yín jẹ́ yàrá kan, bọ́ọ̀dù sì wà lọ́nà jíjìn díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ring máa rin mítà 7 yẹn, ní àlọ àti àbọ̀. Bí ẹ bá gé ring náà sí méjì láàárín, wáyà kan náà ló máa di ọ̀nà méjì tí mo sọ: áńpù 20 àti 20, ìyẹn 40, dípò 32. Bí wáyà bá sì já níbì kan nínú ring, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì á ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé apá kan ti ń ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Èyí tí mo fẹ́ nínú ilé ìdáná ni kí ohun tó bá já fi ara rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo ìṣirò yìí kò tó ìdajì ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ mú ẹfun, ẹ wọ yàrá náà, ẹ ya kúkà, síǹkì, fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ sórí ilẹ̀, bí wọ́n ṣe tóbi gan-an. Ẹ ya ibi tí ilẹ̀kùn fíríìjì máa ṣí dé. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin fúnra yín dúró síbi tí ẹ máa ti máa ṣiṣẹ́, kí ẹ nawọ́ bí ẹni fẹ́ ki nǹkan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ọwọ́ yín lọ láìronú ni sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ kó wà, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sún mọ́ etí síǹkì ju 30 sẹ̀ntímítà lọ, tí kò sì sí lókè ojú kúkà. Ẹ pe ọkọ yín wá kí ẹ jọ ṣe é.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ilé kan wà tí mo ṣe ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. A parí iṣẹ́, wọ́n lẹ táìlì, wọ́n gbé fíríìjì dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí kọlu fèrèsé. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí fíríìjì lọ sí ògiri kejì. Èmi àti ọmọkùnrin méjì lo ọjọ́ méjì gbáko: a ń gé táìlì, a ń gbẹ́ ògiri, a ń fa wáyà tuntun, a ń dí ihò àtijọ́. Àwọ̀ táìlì tí wọ́n rí rà kò bá ti àkọ́kọ́ mu mọ́, ó sì wà lára ògiri yẹn dòní bí àbùlẹ̀ lára aṣọ. Ẹ̀bi mi ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni n kò bi wọ́n: ìhà wo ni ilẹ̀kùn fíríìjì yín ń ṣí sí? Ìbéèrè yẹn kì bá gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bí bọ́ọ̀dù iná kò bá tíì dúró sójú kan, ẹ sún un mọ́ ilé ìdáná. Ọ̀nà mẹ́rin la ní báyìí, méjì fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan fún fíríìjì, ọ̀kan fún kúkà, wáyà mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mítà kan péré tí bọ́ọ̀dù bá fi sún mọ́ ọn, wáyà mítà 12 ló yọ kúrò nínú ìwé yẹn. Ẹ kò ní rí ẹ̀dínwó tó tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ olùtajà kankan.

Níbo ni ọjọ́ ń lọ?

*Màmá, ẹ káàsán mà. Ọmọ iṣẹ́ ni mí, ọdún kejì mi rèé. Èmi àti ọ̀gá mi lo ọjọ́ mẹ́fà lórí ilé ìdáná kan, iṣẹ́ inú ògiri nìkan nìyẹn. Ọ̀gá mi ní mo lọ́ra. Màmá, n kò sinmi rárá. Níbo ni ọjọ́ ń lọ?*

Ọmọ mi, mo gbà ọ́ gbọ́. Ẹni tó ń sinmi kì í béèrè ibi tí ọjọ́ gbà lọ.

Sọ fún ara rẹ bí ẹ ṣe ṣe é. Ṣé ẹ sàmì sí ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ gbẹ́ ẹ, ẹ ri bọ́kìsì rẹ̀, ẹ fi páìpù sí i, ẹ fa wáyà rẹ̀, kí ẹ tó lọ sórí èkejì? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ gbé hámà, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ po sìmẹ́ǹtì, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ wá tépù tó sọnù sábẹ́ òkúta. Èmi náà jókòó lórí búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń wo àwọn ọmọkùnrin mi méjì. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, mo fi ẹfun fa ìlà kan. Kó tó di ọ̀sán, ìlà náà ti pé 18. Mọ́kànlá nínú rẹ̀ jẹ́ nítorí ohun èlò tó gbàgbé sílẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, òógùn bò wọ́n. Láti ọjọ́ náà, báàgì ìdí ni gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi ń so mọ́ra kó tó gun àkàbà: píláyà, súkúrúdíráfà, tépù, ẹfun, ọ̀bẹ.

Iṣẹ́ kan náà ni kí ẹ ṣe káàkiri yàrá, kí ẹ tó bọ́ sórí òmíràn. Àmì ló kọ́kọ́, kí hámà má dún rárá lọ́jọ́ yẹn. Orí ilẹ̀ tí táìlì máa wà ni kí o ti wọn gíga, kì í ṣe orí kọnkéré tí o dúró lé. Bí sìmẹ́ǹtì àti táìlì bá máa gba sẹ̀ntímítà 5, tí o kò kà á mọ́ ọn, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ á lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 5, kántà á sì fẹ́ẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Na okùn ẹfun yí yàrá ká lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo bọ́kìsì jókòó lórí ìlà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni gbígbẹ́ gbogbo rẹ̀, tí eruku á fi jẹ́ ti ọjọ́ kan. Níbi tí ọ̀nà méjì bá ti ń lọ pọ̀, ẹ gbẹ́ ojú kan tó gba páìpù méjì. Ìgbà tí ẹ bá ti ri gbogbo bọ́kìsì tán lẹ ó tó po sìmẹ́ǹtì, lẹ́ẹ̀kan.

Wáyà fífà ni mo ti ń rí òfò tó ń dùn mí jù. Mo ti rí ẹni tó fa pupa tán, tó tún padà wá fa dúdú, tó tún padà wá fa ẹ́ẹ̀tì, sínú páìpù kan náà. Nígbà tó kan ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó há, ó fi agbára fà á, ara wáyà bó. Ki róòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ ọ̀pá irin kan, gbé ọ̀pá náà lé orí búlọ́ọ̀kù méjì kí róòlù lè máa yí fúnra rẹ̀. Bó orí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, má jẹ́ kí wọ́n dọ́gba, kí ọ̀kan ṣáájú èkejì bí ìwọ̀n àtàǹpàkò, kí orí wọn lè tín-ín-rín. Lọ́ wọn pọ̀ mọ́ irin ìfawáyà, fi tépù wé e kó dán. Kí ẹnìkan máa fi ọwọ́ tì í wọlé, kí ẹnìkejì máa fà á, kí ẹ máa pe ara yín: fà, dúró, fà. N kì í jẹ́ kí ìtẹ̀ páìpù ju méjì lọ láàárín bọ́kìsì méjì, n kì í sì í jẹ́ kí wáyà gba ju ìdá méjì nínú márùn-ún inú páìpù. Páìpù tó kún jù ń jẹ wákàtí, ó sì ń há ooru mọ́.

Ṣùgbọ́n nínú ọjọ́ mẹ́fà yín, mo fura pé ó kéré tán ọjọ́ kan ló jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹni tó ń ṣe omi gbé páìpù rẹ̀ gba ojú ọ̀nà yín, ẹ sì tún ọ̀nà gbẹ́. Tàbí ẹni tó ń lẹ táìlì dé, bọ́kìsì yín sì wọ ògiri jù. Ẹ bi í kí ẹ tó ri bọ́kìsì: táìlì rẹ nípọn tó mélòó, ohun tí o máa fi lẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Bó bá sọ pé àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 15, ẹnu bọ́kìsì gbọ́dọ̀ yọ síta ògiri ní mìlímítà 15, àfi bí pílásítà bá ṣì ń bọ̀, tí ẹ óò ka ìyẹn mọ́ ọn.

Má wá lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé Màmá Oníwáyà ní kó yí ọwọ́ padà o. Nírọ̀lẹ́, tí ẹ bá ń kó irinṣẹ́ jọ, bi í pé, “Ọ̀gá, ṣé kí n bá wa sàmì sí gbogbo ògiri lọ́la kí ẹ tó dé?” Jí débẹ̀ ní kùtùkùtù, kí o ṣe é dáadáa, kí ó bá a ní ṣíṣe.

Wáyà 1.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì

*Mo kí yín o. Àgbàlagbà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi tó ń bá wa tún ilé ìdáná ṣe ní wáyà 1.5 tó fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, pé òun lò ó nílé òun láti ọdún mẹ́rin, kò sì jó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?*

Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Ó dára tí kò tíì jó. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó fi ti iná òkè sílẹ̀ fún wáyà 1.5, ibẹ̀ ni àyè rẹ̀.

Kẹ́tù 3,000 wọ́ọ̀tì ń fa áńpù 13. Ká ní wáyà gùn tó mítà 15 láti bọ́ọ̀dù. Nínú wáyà 1.5, fóòlùtì 5.7 máa sọnù sójú ọ̀nà, ìyẹn sì jẹ́ ooru 74 wọ́ọ̀tì nínú ògiri. Nínú wáyà 2.5, ó jẹ́ 3.5 fóòlùtì, ooru 46 wọ́ọ̀tì. Kẹ́tù nìkan nìyẹn, ẹ̀rọ kejì kò tíì tàn. Ilé ọmọ yín lè jẹ́ ilé tí wọn kì í lo ẹ̀rọ méjì pọ̀. Tiyín, tí àwọn ọmọ-ọmọ ń wọlé tí wọ́n ń jáde, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wo èyí náà: ògiri tí wọ́n máa gbẹ́, páìpù, pílásítà, owó iṣẹ́ ẹni tó máa fà á, gbogbo rẹ̀ kò yí padà, ì báà jẹ́ 1.5, ì báà jẹ́ 2.5. Díẹ̀ bàbà yẹn nìkan ló dá sí. Ọjọ́ tó bá sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo ohun tó kù yẹn ló máa san padà.

Àjákù wáyà

*Màmá Oníwáyà, lẹ́yìn iṣẹ́ ilé wa, àpò kan àjákù wáyà 2.5 ló kù. Ó ń dùn mí láti dà á nù. Ṣé a kò lè so wọ́n pọ̀ kí a fi ṣe ilé ìdáná?*

Ó yẹ kó dùn yín, bàbà ni. Ẹ má dà á nù. Ẹ má sì so ó pọ̀ sínú ògiri.

Wọ́n pè mí sí ilé kan nítorí òórùn. Onílé ní ó dà bí òórùn ẹja, ṣùgbọ́n kò sí ẹja nínú ilé. Mo ti mọ ohun tó lè jẹ́ kí n tó débẹ̀, nítorí pé bí ike inú iṣẹ́ iná bá gbóná jù, irú òórùn bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń yọ. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ pílásítà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo bá oríkò wáyà méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi tépù wé. Tépù náà ti yọ́, ó ti gan bí èèpo igi gbígbẹ. Mo fọwọ́ kàn án, ó fọ́ dànù. Bàbà abẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Ìlọ́pọ̀ tó tú díẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká ní ìdènà rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ohm péré, bí áńpù 13 bá gbà á kọjá, ooru wọ́ọ̀tì 17 ni, gbogbo rẹ̀ ní ibi tí kò tóbi ju orí ìka lọ. Ooru yẹn ń mú kó tú sí i, títú náà ń mú ooru pọ̀ sí i. Ìyá arúgbó kan ń sùn ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn.

Èyí tí ẹ lè ṣe ni èyí. Ẹ tú àpò náà, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gígùn rẹ̀ sórí tépù kékeré kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èyí tí ara rẹ̀ bó tàbí tí ọ̀bẹ ti gé lójú bàbà, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ra àlòkù bàbà. Àwọn tó kù tó gùn tó mítà 1.5, ìyẹn gan-an la nílò láti fò láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì nínú ilé ìdáná: mítà 1.2 láàárín wọn, àti ìrù sẹ̀ntímítà 15 ní ìhà méjèèjì. Orí sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ti bẹ̀rẹ̀, orí sọ́kẹ́ẹ̀tì ló parí sí, sínú ihò tó ní súkúrúù, níbi tí a lè dé nígbàkigbà, nítorí náà kò sí oríkò kankan nínú ògiri. Bí ẹ bá ní ọ̀nà méjì tó bọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin-mẹ́rin, fífò mẹ́fà ni, wáyà mẹ́ta níkọ̀ọ̀kan, ẹ nílò àjákù 18. Pupa fún láíìfù, kí àwọ̀ má sì ṣe dàrú. Kí oníná yín kọ́kọ́ lo àwọn wọ̀nyí tán kó tó fi ọ̀bẹ kan róòlù tuntun, kó sì fa wáyà kọ̀ọ̀kan dáadáa lẹ́yìn tó bá ti de súkúrúù rẹ̀, kí ó mọ̀ pé ó mú.